Kókó Èkúté àti Àwo Oúnjẹ Màmá

Ọwọ́ mi ti gbọ́n kí èmi fúnra mi tó gbọ́n. Iṣẹ́ eku ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Nínú ilé ìwádìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Ọ̀tà, èmi ni mò ń tọ́jú ilé ẹranko. Gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè la máa ń gbé eku sórí òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Màá fi ọwọ́ òsì gbá a mú pẹ̀lẹ́, màá fi àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún wá abẹ́ apá rẹ̀, màá sọ̀ kalẹ̀ sí àyà, sí ikùn, dé ibi tí itan ti bẹ̀rẹ̀. Bí kókó bá wà níbẹ̀, ìbáà kéré bí hóró ẹ̀wà, àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ bá a. Ọ̀gá wa jẹ́ obìnrin kan tó kàwé gan-an ṣùgbọ́n tí kì í gbé ohùn sókè. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá dúró dìgbà tí ojú máa rí kókó ti pẹ́ jù, pé ọwọ́ la fi ń wá a. Ọdún kẹfà tí mo ti ń ṣe é nìyẹn, ó sì ti di bárakú. Bí mo bá gbé ọmọ mi, àtàǹpàkò mi á ti gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá kí n tó mọ̀. Ọkọ mi á máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀, á ní, "Ìwọ obìnrin yìí, èmi kì í ṣe eku o!"

Ìjù là ń gbé. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ṣàngó, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ ní Bàbá Oníke. Ṣùgbọ́n èmi, Ìyá Eléku ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Kí n má parọ́, orúkọ náà máa ń bí mi nínú. Inú mi kì í pẹ́ ru. Ìyá tó bí mi ní ìgbátí kan ṣoṣo tí òun gbá mi, èmi náà gbá a padà, mi ò sì tíì pé ọmọ ọdún kan. Lọ́jọ́ kan nídìí kànga, obìnrin kan fi ọwọ́ bo imú bí mo ṣe ń bọ̀. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà, obìnrin náà ṣì ń tìtorí rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn lọ sọ́jà títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wẹ̀ kí n tó fún ọmọ lọ́mú. Ohun tó bá ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Ẹnì kan tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi rí ni ìyá ọkọ mi. Nígbà tí mo bímọ, ó wá láti Ìkìrun láti bá wa wẹ ọmọ. Háà, ẹ wo ìwẹ̀! Á fi omi gbígbóná gbà á lára, á fi òrí ra á, á na apá, á na ẹsẹ̀, á gbé e sókè, ọmọ á ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa, lẹ́yìn náà á sùn fọnfọn. "Ọkọ mi" ló ń pè é. Mo rò pé á padà nígbà tí ọmọ bá lè jókòó, ṣùgbọ́n nígbà tí ìsinmi ìbímọ mi parí tí iṣẹ́ pè mí, ó ní kí n máa lọ, pé òun ò tíì tán lọ́dọ̀ ọkọ òun. Láti ìgbà tí mo bá ti jáde nílé láàárọ̀ ni ọmọ á ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò tiẹ̀ wá sí ibòmíràn tó ti lè sùn mọ́. Bí a bá tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, á la ojú sílẹ̀ rangandan.

Òfin kan ṣoṣo ni Màmá ní. Inú àwo kan náà la gbọ́dọ̀ ti jọ máa jẹun. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọlé ọkọ ló ti sọ fún mi pé, "Ìyàwó tó bá ń dá jẹun lọ́dọ̀ mi, àlejò ni." Ó ní àwo pẹrẹsẹ aláwọ̀ ewé kan tó gbé wá láti Ìkìrun. Àwọn ọjọ́ tí eku gé mi jẹ tàbí tí ara mi ń rùn oúnjẹ eku, ọwọ́ mi pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ ló ń jọ wọ àwo yẹn. Kò fa imú rí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ẹ̀rù máa ń bà mí láti sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti kókó, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Oríṣi méjì ló wà nílé ẹranko wa. Ọ̀kan ni èyí tó ń yọ fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi í síbẹ̀. Eku á kàn dàgbà, kókó á yọ, pàápàá lára abo tó ti bímọ púpọ̀. Irú rẹ̀ ló yọ sábẹ́ apá ìyá eku kan, eku ńlá funfun tó ti bímọ fún wa léraléra, tí kì í gé ènìyàn jẹ. Bí mo bá ṣí kéèjì rẹ̀, ṣe ló máa ń gun ọwọ́ mi wá. A kì í sọ ẹran lórúkọ níbẹ̀, àmì tí a gé sí wọn létí la fi ń dá wọn mọ̀. Èmi náà ò sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n mo mọ ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Oríṣi kejì ni èyí tí àwa ń gbìn. Ara àwọn èkúté kéékèèké funfun nìyẹn wà. A máa mú kókó lára ọ̀kan, a máa gé e wẹ́wẹ́, a máa fi abẹ́rẹ́ tó nípọn tì í sábẹ́ awọ òmíràn, tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti hù. Bí a ò bá gbé e láti ara ọ̀kan dé ara ìkejì, á bá èkúté tó wà lára rẹ̀ kú, bí àgbẹ̀ tí kò gé igi ẹ̀gẹ́ ọdún yìí kò ṣe ní rí gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Lára wọn ni ọ̀gá wa ti ń dán ewé àti egbò wò, bóyá a lè rí èyí tó máa dá kókó dúró.

Fún ọdún márùn-ún, ìwo ni mò ń wò bí wọ́n ṣe ń gbìn ín. Lọ́dún tí mo bímọ yẹn ni ọ̀gá fi abẹ́rẹ́ lé mi lọ́wọ́. Mo gbìn ín sára mẹ́wàá. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì yẹn mi ò gbádùn, nítorí bí kò bá hù, èmi ni wọ́n máa sọ pé kò mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tó di ọjọ́ tí mo fi ọwọ́ wá a, tí àtàǹpàkò mi bá a lábẹ́ awọ gbogbo wọn pátá, inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò láti ibi iṣẹ́ délé.

Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá la jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti Màmá, ọmọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ ò mọ ohun tí mo ṣe! Kókó tí mo sọ fún yín níjọ́sí, mo mú un lára ẹyọ kan, mo gbé e sára mẹ́wàá. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló hù! Kò yọ ìkankan sílẹ̀."

Màmá ní, "Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá?"

"Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, Màmá."

Ó tún ní, "Ṣé ibì kan náà ni wọ́n jọ ń gbé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń sùn." Ilá ló kún ẹnu mi nígbà tí mo ń dá a lóhùn. Mi ò wo ojú rẹ̀. Mo kàn rí i pé ó fa ọwọ́ yọ nínú àwo, ó fọ̀ ọ́, ó ní òun ti yó.

Ní ọjọ́ kejì ó ti ra abọ́ kékeré kan. Abọ́ òun ni, ife òun sì wà lọ́tọ̀. Kàn-ìn-kàn-ìn rẹ̀ kúrò níbi tí tiwa wà, ó so ó kọ́ sẹ́yìn fèrèsé. Mo ní, "Màmá, àwo wa ńkọ́?" Ó ní inú ń dun òun díẹ̀, pé òun ò fẹ́ bu àìsàn fún mi. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kò pọn ọmọ mọ́. Ó ní ẹ̀yìn ń ro òun. Bí ọmọ bá rá wá bá a, á fi ẹsẹ̀ yẹ̀, á pè mí pé, "Ìyàwó, wá gbé ọmọ rẹ." Ọmọ rẹ, kì í ṣe "ọkọ mi". Ọmọ á na ọwọ́ sí i, á sunkún títí ohùn á fi há.

Kí ni kí èmi tí orí mi kì í pẹ́ gbóná rò? Mo rò pé ó ti wá ń kórìíra òórùn eku. Mo ní àwọn obìnrin ìdí kànga ti bá a sọ ọ́, pé ó wá ń wò mí pẹ̀lú ọmọ tó ń mu ọmú mi bí ohun ẹ̀gbin. Ọkọ mi ní kí n ní sùúrù, pé àgbà ló ń rẹ̀ ẹ́. Sùúrù kẹ̀! Mo gbé e mì fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọjọ́ tó bú jáde, abọ́ kékeré yẹn ni mo bá lórí tábìlì, mo sì gbé e jù sínú agbada ìfọṣọ. Mo ní, "Màmá, bí ẹ̀gbin mi bá ń ṣe yín, ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́! Eku náà ni mò ń tọ́jú, mi ò jalè. Bí ó bá jẹ́ èmi lẹ ò lè bá jẹun mọ́, ọmọ yìí ńkọ́? Kí ló ṣe yín?"

Màmá tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ó ní, "Máà bínú, ìyàwó mi. Tó bá di Sátidé, màá padà sí Ìkìrun." Ìbá sàn kó gbá mi létí. Mo wọ yàrá lọ sunkún, ìbínú sì wà nínú ẹkún ọ̀hún. Inú bíbí ò da nǹkan kan fúnni, lóòótọ́ ni àwọn àgbà wí.

Láàárọ̀ Sátidé, báàgì rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ balùwẹ̀ láti ṣe àlùwàlá, ọṣẹ tí ọkọ mi fi wẹ̀ sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo gbọ́ tó ké "Láìlá!", mo sáré wọlé. Ó ti ń yọ̀ lọ, ó di ògiri mú. Mo kì í mọ́lẹ̀ látẹ̀yìn, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lábẹ́ apá.

Àtàǹpàkò mi bá a.

Abẹ́ apá òsì ni. Ó le, kò yẹ̀, ó tóbi tó èso àgbálùmọ̀ kékeré, òmíràn sì tún wà nínú ọmú níbi tó súnmọ́ ọn. Ara rẹ̀ gan pa lọ́wọ́ mi. Mo rọra mú un jókòó sórí àpótí ìfọṣọ.

Mo ní, "Màmá, láti ìgbà wo?"

Ó ní, "Yọ ọwọ́ rẹ. Lọ fọ ọwọ́ rẹ ná."

"Mo ní láti ìgbà wo?"

"Ó ti wà kí ọkọ mi tó wáyé. Kò dùn mí. Nǹkan tí kò dunni, kí la fẹ́ máa pariwo rẹ̀ sí?" Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ wá kún fún omi. "Ìwọ lo wá sọ̀rọ̀ èkúté yẹn. O ní mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló hù. O ní wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń sùn. Mo sì ń pọn ọkọ mi láàárọ̀ lálẹ́, a sì jọ ń ki ọwọ́ bọ àwo kan. Mo ní kí n yáa lọ kó tó hù lára yín."

Mo jókòó sílẹ̀ sínú omi ọṣẹ, tèmi ti iró. Mi ò lè sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn mí tó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni obìnrin yìí fi ń yẹra fún ọmọ tó fẹ́ràn ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ, tó ń dá jẹun bí àlejò, tí mò ń pariwo lé e lórí, torí pé ẹnu mi ò ní ìlẹ̀kùn. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo sunkún bí ọmọdé. Ó ń sọ pé, "Dìde, omi tútù ni, ọmú rẹ á dì." Ẹ rí i? Èmi ló tún ń ṣàníyàn fún.

Mo ṣàlàyé, àlàyé kò wọlé. Mo ní kókó ara ènìyàn kì í ràn bí èyí, pé àwa la fi abẹ́rẹ́ gbé ti èkúté. Màmá ní, "Ẹnu kan náà yìí lo fi sọ tàkọ́kọ́." Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ pé ká lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ní bí wọ́n bá ti sọ ọ́ síta, wọ́n á gé e, ẹni tí wọ́n bá sì gé kì í pẹ́ láyé. Gbogbo ohun tó gbà fún wa kò ju pé kò ní lọ sí Ìkìrun lọ́sẹ̀ yẹn.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè mo lọ bá ọ̀gá, mo ní kó jọ̀ọ́ jẹ́ kí n mú ìyá ọkọ mi wá wo àwọn ẹran. Bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ ni nǹkan mìíràn ń gún mi láyà, mo sì tú u jáde. Ìyá eku yẹn, tó ń gun ọwọ́ mi wá, ó ti tó oṣù kan tí mo ti bá kókó lábẹ́ apá rẹ̀, mi ò kọ ọ́ sínú ìwé. "Kò sí nǹkan" ni mò ń kọ. Ẹran tí wọ́n bá kọ kókó sí nínú ìwé kì í pẹ́ kí wọ́n tó mú un lọ pa, èmi ò sì fẹ́ kí wọ́n mú un lọ.

Ọ̀gá lọ síbi kéèjì, ó gbé e, ó fi ọwọ́ wá a. Ó ní, "O rò pé ò ń ṣàánú rẹ̀."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kókó tó rí báyìí, ká ní mo tètè mọ̀ nígbà tó kéré, ǹ bá gé e kúrò, ì bá sì máa bá ayé rẹ̀ lọ. Ó ti wọlé jù báyìí." Kò pariwo, kò sì kọ̀wé ìbáwí sí mi. Ì bá sàn fún mi kó pariwo. Ó wá ní kí n mú Màmá wá ní Tọ́sìdeè.

Màmá wọ aṣọ funfun gbọ̀ọ̀rọ̀ tí a ń wọ̀, ó fi ìbòmú bo imú lórí ìbòrí rẹ̀, a sì fi ọ̀rá bo bàtà rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn tí gbogbo ẹran náà gbé orí sókè, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé o." Ọ̀gá mi tí kì í rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá gbé kéèjì èkúté kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, márùn-ún ló wà nínú èyí. Àwọn mẹ́ta tó ní àmì létí ni ìyàwó yín gbìn ín sí. Àwọn méjì yìí ò ní àmì, a ò fi nǹkan kan sí wọn lára. Láti oṣù méjì ni wọ́n ti jọ ń jẹ tí wọ́n jọ ń sùn. Ẹ wá fi ọwọ́ ara yín wá a."

Mo fún un ní ìbọ̀wọ́. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbá a mú. Ó wá abẹ́ apá, ó wá ikùn, ó pẹ́ lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Kò bá nǹkan kan. Ó gbé ìkejì, kò bá nǹkan kan. Ó wá gbé ọ̀kan tó ní àmì, mo rí i bí àtàǹpàkò rẹ̀ ṣe dúró, tí òun náà mọ̀ ọ́n.

Ó ní, "Àwọn mẹ́wàá tí ẹ wá gbìn ín sí, kí ló dé tí ìkankan ò lè lé e dànù?"

Ọ̀gá ní, "Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n fi ń bí wọn láti ìran dé ìran, Màmá, títí ara gbogbo wọn fi di ọ̀kan. Ohun tó bá ti ara ọ̀kan wá, ara ìkejì á rò pé tòun ni. Ẹ wo dúdú tó wà lọ́hùn-ún. Ìran mìíràn ni. A gbin kókó kan náà sí i, ó wú díẹ̀, ara rẹ̀ sì lé e jáde. Ènìyàn kì í ṣe ẹ̀dà ara wọn bí àwọn funfun yìí. Kò sí bí ti yín ṣe máa ti ẹ̀yìn yín bọ́ sára ọmọ."

Màmá ní ìyá eku tí mo fi pamọ́ ńkọ́, òun fẹ́ rí i. Mo ti sọ ọ́ fún un, mi ò fi nǹkan kan pamọ́ mọ́. Mo ṣí kéèjì rẹ̀. Ìyá eku gun ọwọ́ mi wá bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ó ń wọ́ apá kan. Mo fi àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin mẹ́ta hàn án ní kéèjì kejì, tí wọ́n mu ọmú rẹ̀ dàgbà, tí ara wọn ń dán.

Ó fi ìka kan pa ìyá eku náà lórí. Ó ní, "Ṣé wọ́n máa pa á?"

Mo ní, "Bó bá ti ń ni ín lára jù, kó má baà jìyà."

"Ta ló máa ṣe é?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ó dáa. Kó má jẹ́ ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n." Ó tún ní, "O sì fi í pamọ́ nítorí pé o fẹ́ràn rẹ̀."

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Inú kẹ̀kẹ́ la wà, a ń padà sí Ìjù, tírélà kan dábùú ọ̀nà níwájú wa, gbogbo ènìyàn ń fun fèrè, nígbà tó fi ọwọ́ rẹ̀ lé itan mi. Ó ní, "Sọ fún ọkọ rẹ kó gbàyè níbi iṣẹ́. Ká lọ sí ilé ìwòsàn ọ̀hún."

Jẹjẹrẹ ni. Dókítà ní ká ní a tún dúró ni, ẹnu ì bá wọhò. Wọ́n fún un lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, wọ́n pè mí láti ibi iṣẹ́ pé ìyá eku ò jẹun mọ́, pé ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọkọ mi wà lọ́dọ̀ Màmá. Mo yà síbẹ̀, mo gbé e sọ́wọ́, mo ṣe ohun tó yẹ kí n ṣe, mo sì wọ mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tó ku díẹ̀ kí oòrùn wọ̀, Màmá la ojú. Ètè rẹ̀ gbẹ. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ìyá eku ńkọ́?"

Mo ní, "Ó wà, Màmá. Ó ń jẹun. Ó ní kí n kí yín."

Ó di bí a ṣe ń kí ara wa nìyẹn. Wọ́n fún un ní oògùn tó le, irun rẹ̀ já, ó rù, èébì ò jẹ́ kó sinmi. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó bi mí pé báwo ni ọ̀nà, á ní, "Ìyá eku ńkọ́?" Èmi náà á purọ́. Mo ní ó ti sanra. Mo ní ó gé ìka ọ̀gá jẹ. Mo ní ó jí oúnjẹ aládùúgbò rẹ̀. Nígbà mìíràn á rẹ́rìn-ín títí á fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ọ̀rọ̀ eku yìí ni mo máa ń rò láti Ṣàngó délé, kí n lè rí tuntun sọ.

Ọmọ ti wá ń rìn. Ṣùgbọ́n lílé tí wọ́n ń lé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá bàbá rẹ̀ ti mọ́ ọn lára, ọgbẹ́ sì tún wá di ìdí mìíràn tí a fi ń sọ pé kó má fara kàn án. Ó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, á di aṣọ ìlẹ̀kùn mú, á máa wò ó. Kò jẹ́ wọlé. Èyí dun Màmá ju abẹ́rẹ́ lọ. Mo mọ̀, torí mo máa ń rí i tó ń na ọwọ́ sí i bí ọmọ bá ti kọ ẹ̀yìn.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan kí dókítà tó ní ojú ọgbẹ́ ti san pátápátá, pé ohun tí àwọn rí dára, pé kó kàn máa wá fún àyẹ̀wò. Àlùhámúdù lílàhì! Nígbà tí a délé lọ́jọ́ náà, ó jókòó sórí ẹní, irun rẹ̀ ti hù díẹ̀, funfun báláú. Ó ní, "Ìyá eku ńkọ́?"

Mo ní, "Ó wà, Màmá. Àná ló—"

Ó ní, "Ìyàwó. Ọjọ́ wo ló kú?"

Mo ní, "Ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yín."

"Mo mọ̀. Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n nígbà tí o ń fún mi lómi."

"Ẹ mọ̀, ẹ wá ń bi mí láti ọjọ́ yìí wá?"

Ó ní, "Inú mi ń dùn sí bí o ṣe ń purọ́ rẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mi ò mọ èyí tí mò ń ṣe. Ó ti yí ojú sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ọmọ dúró sí, tó di aṣọ ìlẹ̀kùn mú. Ó kúnlẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ìbàdí ara rẹ̀ pẹ́pẹ́. Ó ní, "Ọkọ mi, wá gun ẹ̀yìn."

Ọmọ kò lọ. Ojú mi ló kọ́kọ́ wò.

Mo ní, "Máa lọ. Màmá rẹ ni."

Ó sáré, ó sì ju ara rẹ̀ lù ú lẹ́yìn. Mo bá wọn so ọ̀já. Ìsàlẹ̀ ni mo so ó sí, kó má kan ojú ọgbẹ́. Ọmọ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e lẹ́yìn, kò sì pẹ́ tó fi sùn. Nígbà tó di àkókò oúnjẹ, mo gbé àwo aláwọ̀ ewé yẹn sọ̀ kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo fọ eruku ara rẹ̀, mo sì bu ẹ̀bà èmi àti Màmá sínú rẹ̀.